Òrùlé Tí Yìnyín Kò Dúró Lórí Rẹ̀

Ní ọdún tí epo ìmúlé-gbóná di ọ̀wọ́n, mo ya fọ́tò òrùlé àwọn aládùúgbò mi, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó ní ilé kọfí Delphine kí n lè rí oníbàárà, mo sì fi ọwọ́ ara mi tú àṣírí ìyá ọkọ mi síta.

Mi ò ní in lọ́kàn. Ẹni tó bá sọ pé mo ní in lọ́kàn, irọ́ ló pa. Oníbàárà ni mò ń wá.

Iṣẹ́ tí èmi àti Urho ọkọ mi ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ń lọ̀ títí á fi fúyẹ́ bí òwú. A ní ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà ńlá kan lọ sókè àjà ilé. Á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nípọn bíi tìmùtìmù, ooru ò sì ní í rí ọ̀nà jáde mọ́. Òkè ni ooru máa ń lọ. Ilé tí kò ní nǹkan kan lókè àjà dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù mẹ́ta tí kò dé fìlà.

Iṣẹ́ ìwakùsà ni Urho ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà Kantola pa, a ra ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ náà dára. Oníbàárà ni kò sí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, Urho jókòó sídìí tábìlì, ó ní àwọn ọkùnrin márùn-ún ti pinnu láti lọ sí Wáyómìn, níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ni wọ́n máa gbéra, lẹ́yìn tí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín bá parí. Àyè ẹnì kan ṣì kù nínú ọkọ̀.

"Ilé mẹ́wàá," ó wí. "Bí ilé mẹ́wàá bá gbà kí ọjọ́ yẹn tó pé, mo dúró. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, mo lọ."

"Kí ló ṣe mẹ́sàn-án?"

"Kì í ṣe mẹ́wàá."

Bí Urho ṣe rí nìyẹn. Mo mọ àwọn tó ti lọ sí Wáyómìn. Ọ̀kan nínú wọn wá sílé fún Kérésì, ó ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ń kó àwo sí, nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Òmíràn ò wá rárá. Mo fẹ́ kí ọkọ mi mọ ibi tí àwo mi wà. Mo jáde lọ wá ilé mẹ́wàá.

Mo kọ́kọ́ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nílùú wa, ẹnì kan kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà. Wọ́n á ní kí o wá mu kọfí. Wàá ní rárá, ẹ má ṣe wàhálà. Wọ́n á tún sọ ọ́, wàá tún kọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀kẹta ni wàá tó jókòó. Ife kìíní, ojú ọjọ́ lẹ máa sọ. Ife kejì, àìsàn. Ìgbà tí ife kejì bá ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ lo tó lè dárúkọ iṣẹ́ tó gbé ọ wá. Ilé méje lóòjọ́, ife mẹ́rìnlá. Tí mo bá dé ilé, mi ò ní í rí oorun sùn, Urho á ní kí n yé ta tìpà bí ẹja.

Èsì tí mo ń gbà kò yàtọ̀ síra.

"Kò burú," wọ́n á wí.

Ní Kantola, "kò burú" túmọ̀ sí pé kí o máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Delphine tó ni ilé kọfí bi mí pé, "Irja, mélòó lo ti tà?"

"Ọ̀kan."

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin."

"Kọfí mélòó lo ti mu?"

"Má bi mí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yìnyín gidi àkọ́kọ́ bọ́. Ó bọ́ láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, ó sì dáwọ́ dúró. Mo ń fọ àwo lójú fèrèsé, mo gbójú sókè, mo rí gbogbo oníbàárà mi tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ọmọ ọdún méje mọ èyí nílùú wa: òrùlé tí yìnyín bá dúró lórí rẹ̀, ilé yẹn di ooru rẹ̀ mú. Èyí tí yìnyín bá yọ́ lórí rẹ̀, epo tí onílé rà ló ń mú ojú ọ̀run gbóná. Ìyẹn sì burú lójú wa. Ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò, a kà á sí olè, àfi pé ara rẹ̀ ló ń jà lólè.

Mo yá kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi, irú èyí tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀. Mo wa ọkọ̀ yí ìlú ká kí oòrùn tó mú. Fọ́tò mẹ́tàlélógún. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, mo rò pé ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn. Mo kàn kọ̀wé gàdàgbà sókè pátákó: OORU TÍ Ẹ FOWÓ RÀ LÓ Ń JÁDE NÍBÍ. Mo kọ nọ́ńbà fóònù wa sísàlẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó wù mí jù. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti yà á, láti ojú ọ̀nà orí òkè tó wà lẹ́yìn àwọn ilé kọ́ńpínì. Ilé mẹ́sàn-án ni kọ́ńpínì ìwakùsà kọ́ síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn nígbà ayé àwọn bàbá wa, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì, pàápàá láti ẹ̀yìn. Òrùlé ọ̀kan funfun báláú, àfi ojú kan ṣoṣo lápá òkè tí yìnyín ti yọ́ pátápátá, ní igun mẹ́rin, bí ibi tí ajá sùn sí lórí koríko. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo fi í sáàárín pátákó, mo sì fa ọfà pupa sí i.

"Lẹ̀ ẹ́ dáadáa," Delphine wí. "Wọ́n á jókòó pẹ́, wọ́n á jẹun sí i."

Àkókò ọdẹ ni, gbogbo ọkùnrin ìlú ló ń gba ọ̀dọ̀ Delphine kọjá. Àmọ́ Urho ti lọ sí àgọ́ ọdẹ nínú igbó ní Fúráìdé tí mo lẹ̀ ẹ́ yẹn, kò sì ní í dé títí di Túsìdeé. Kò rí pátákó náà.

Sulo Harju ló kọ́kọ́ pè mí. Sulo ni bàbá tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kó má bàa jó epo.

"Ìyàwó Urho, ta ló ní kí o ya òrùlé mi níhòòhò?"

"Orúkọ yín ò sí níbẹ̀, Bàbá Sulo."

"Ta ló ń wá orúkọ? Ṣé afọ́jú ni wọ́n? Delphine ní òun lè fi òrùlé mi yan búrẹ́dì!"

"Ẹ jẹ́ ká wá bá yín dí i."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní bí ẹ bá ń kọjá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín dání, mi ò ní í lé yín."

Nílùú wa, ó ti tọwọ́ bọ̀wé nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń pè nìyẹn. Obìnrin kan pè, ó ní aládùúgbò òun ló ní kí òun pè, aládùúgbò náà sì pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí n má sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ pè. Gbogbo wọn ló ń bèèrè ọjọ́ tí màá yọ fọ́tò tiwọn. Mo ní ọjọ́ tí a bá parí iṣẹ́ ni.

"Ìhalẹ̀ nìyẹn," Delphine wí.

"Ọjà títà ni."

Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè ṣú, mo ti ní ilé mẹ́sàn-án. Mo sùn bí òkúta.

Mọ́ńdé, mo wọ ilé kọfí. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló dúró síwájú pátákó. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n túká, oníkálukú rántí pé ẹyin òun ń tutù. Delphine fi orí pè mí wá sídìí káńtà.

"Irja, ilé ta lo rò pé èyí tó wà láàárín yẹn?"

"Ilé kọ́ńpínì kan ni."

"Ka páìpù èéfín wọn láti ọwọ́ ọ̀tún."

Mo kà á. Mo dé orí ìkẹrin, ọwọ́ mi dúró sínú afẹ́fẹ́.

Ilé Hilja ni. Ìyá ọkọ mi.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílùú wa pé Hilja ti òkè ilé rẹ̀ pa ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kí ó má bàa fi epo ṣòfò. Yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló ń sùn. A máa ń jẹun níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn á wà ní títì, aṣọ á wà lábẹ́ rẹ̀. "Mi ò lè máa mú ilé gbóná fún iwin," ó máa ń sọ. Yàrá òkè yẹn gan-an ni yìnyín ti yọ́ lórí rẹ̀.

"Òkú kì í yọ́ yìnyín," Delphine rọra wí.

Sulo wà lórí àga, ó ń ro kọfí rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. "Ṣebí Fúlọ́rídà ni Onni Perala wà?" ó bi gbogbo ilé.

Ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀.

"Ó fi káàdì ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá. Ó ní oòrùn ń pa òun."

"Oòrùn wo?" ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tó ń mu omi fọ́n ọn sórí tábìlì.

Onni Perala ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú ihò kùsà nígbà tí ibi ìwakùsà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ọdún mẹ́fà, tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, á ti omi ilé rẹ̀ pa, á gbé àpò kan, á wọ bọ́ọ̀sì lójú gbogbo ìlú, ó ń lọ lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Fúlọ́rídà. Ọmọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ló ń fi káàdì ránṣẹ́ lórúkọ bàbá rẹ̀. Ó jọ pé bàbá rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú kejì, á sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà wá sílé Hilja.

Mo já fọ́tò náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti Fúráìdé. Já a ò já a, ọ̀kan náà ni.

Kí n tó délé, fóònù ti ń dún.

"Irja," Hilja wí. "Wá."

Mo lọ. Kò fi kọfí lọ̀ mí. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ilé yín ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ta ló máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ẹ̀?"

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Lórí wa, ẹnì kan húkọ́. Àwa méjèèjì wo àjà.

"Ilé àtijọ́ ni," Hilja wí. "Ó máa ń húkọ́."

Mo gé ètè mi jẹ kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àsìkò ẹ̀rín.

"Ilé mélòó lo ti ní?" ó bi mí. Ó mọ ọ̀rọ̀ Wáyómìn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Urho.

"Mẹ́sàn-án."

Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tábìlì tí kò ká. Ó ní, "Kọ orúkọ mi sí i. Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹ dí i nípọn débi pé bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá ń wolẹ̀ láti òkè, òrùlé nìkan ni kó rí."

"Màmá, inú yàrá yẹn ni ihò àjà wà. Urho ló máa gùn ún."

"Mo mọ ibi tí ihò àjà ilé mi wà."

"Ṣé kí... kí ẹni yẹn kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Sílé wo? Omi ilé ẹ̀ ti dì. Ìwọ náà lo sì kó gbogbo ìlú sójú fèrèsé."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Urho, àbí èmi?"

"Èmi ni mo bí i," ó wí. "Mi ò bí i kí n lè máa ṣàlàyé fún un."

Urho dé láti inú igbó ní Túsìdeé láìpa ẹran kankan. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan fún un. Nílùú wa, èèyàn lè sọ fún ọkùnrin pé ọkọ̀ rẹ̀ ń jó epo, pé ajá rẹ̀ ti kú, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sí i létí. Èmi náà ò sọ ọ́. Mo gbìyànjú nígbà mẹ́ta. Mo bá a sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Tọ́sìdeé, a gbé ọkọ̀ lọ. Ìṣe wa ni pé èmi á dúró nídìí ẹ̀rọ níta, màá máa bu bébà sí i, Urho á gbé rọ́bà gòkè. Tó bá ti ṣe tán, á lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, màá sì tan ẹ̀rọ. Mo dúró. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Urho ló jáde wá, rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Irja. Onni Perala wà lórí ibùsùn bàbá mi. Ó ń jẹ bísíkíìtì."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Fúráìdé. Àwọn kan nínú wọn, Sátidé."

Fèrèsé òkè ṣí. Onni yọ orí jáde, irun rẹ̀ dúró gánrangànran. "Urho, ọmọ mi! O ò ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yẹn. Ooru ń jáde!"

Urho ju rọ́bà sílẹ̀ lórí yìnyín. "Ilé yìí ò sí nínú mẹ́wàá," ó wí. "Mẹ́sàn-án lo ní."

Hilja yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà.

"Urho. Ṣé ilé kọ́ ni ibi tí mò ń gbé?"

"Ilé ni, Màmá."

"Ṣé mo ní kí o ṣe é fún mi lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé ìyàwó rẹ ti kọ orúkọ mi?"

"Ó ti kọ ọ́."

"Kà á, nígbà náà. Bàbá ẹ ló kọ́ ẹ ní òǹkà, kì í ṣe èmi, àmọ́ mo rántí pé mẹ́wàá ló máa ń tẹ̀ lé mẹ́sàn-án."

Urho wo ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni o. "Kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

"Orúnkún ń dùn ún. Fi aṣọ bò ó."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Urho ta aṣọ ibùsùn bo Onni láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí eruku bébà, ó gbé àkàbà lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì gun àjà. Ó lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, mo tan ẹ̀rọ. Hilja sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Onni di àkàbà mú láti abẹ́ aṣọ, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́.

"O ti fo igun ọwọ́ òsì, Urho."

"Mi ò fò ó."

"Mò ń gbọ́ ọ. Igun yẹn ṣófo."

"Bàbá Onni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sùn."

"Ta ló lè sùn? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀rọ. Mo mọ ohùn ibi tó ṣófo."

Nígbà tí Urho parí, ó padà sí igun ọwọ́ òsì. Mo mọ̀ nítorí pé ó tún lu ògiri. Ó ti fò ó lóòótọ́.

Sátidé, Urho lọ sí ibi tí ọkọ̀ Wáyómìn dúró sí, ó sọ fún wọn pé òun ò lọ mọ́. Ó padà wálé, etí rẹ̀ pọ́n bí iná.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn kí bàbá mi tuntun."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú àwo. Kò bèèrè ibi tó wà.

Yìnyín tún bọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òrùlé Hilja funfun láti òpin dé òpin, kò sí ilé tó di ooru mú tó o ní gbogbo Kantola. Àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà orí òkè kí wọ́n lè wò ó. Ó ṣe ọjà wa lóore ju gbogbo pátákó lọ. Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti dí, ẹni tó bá sì pè, ohun kan náà ló ń sọ: "Mo fẹ́ ẹ nípọn bíi ti Hilja." Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mi ò sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Pásítọ̀ Niska lọ rí Hilja kí Kérésì tó dé. Mo wà níbẹ̀, mò ń gé búrẹ́dì. Ó mu ife kìíní, ó mu ife kejì. Ó ní bóyá kí wọ́n kúkú ṣe ìgbéyàwó.

"Pásítọ̀," Hilja wí, "ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi fọ aṣọ ọkùnrin kan. Onni ń fọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ẹ, á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ìjọ ń wò, Hilja."

"Kí wọ́n máa wò. Òrùlé mi ti funfun."

Pásítọ̀ kò bá a jiyàn. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń bi í léèrè orúnkún Onni.

Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Hilja ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní èdè tí àwọn baba wa mú wá láti òkè òkun, ní àárọ̀ Sátidé, ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọ. Ó kọ́ Urho níbẹ̀. Ó kọ́ ìdajì àwọn tí mo dí àjà wọn. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ní Sátidé àkọ́kọ́, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ síbẹ̀ nítorí pé ojú ọ̀nà ń yọ̀. Ó dáná sí ààrò, ó to ìwé mọ́kànlá sórí tábìlì, ó gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá. A jókòó. Ní agogo mẹ́wàá, ọmọ kankan ò tíì dé. Ní agogo mọ́kànlá, ó ní bóyá yìnyín ló dá wọn dúró. Yìnyín kankan ò bọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí wọn, tó ń bi í léèrè orúnkún Onni, ni kò rán wọn wá. Ní agogo méjìlá, ó kó ìwé náà sínú àpótí, ó pa iná, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ní kí n máa gbé òun lọ sílé.